Wọ́n Ní Màmá Ń Sùn

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé kí n máa kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò lè dìde wá ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Arúgbó tó ti ń dùbúlẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́, tí kò mọ̀ bóyá Mọ́ńdè ni tàbí Sátidé, èmi tí mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́, tí mo fẹ́ pààrọ̀ ìlédìí fún un, kí n tún wá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀? Mo ní, "Ta ló máa dá mi lóhùn, mà?" Máníjà wa, obìnrin òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń sáré rìn ṣáá, wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Yàrá rẹ̀ ni. Ilé rẹ̀ ni. Kàn án."

Mo kàn án. Kò sẹ́ni tó dáhùn, mo sì wọlé.

Mi ò ní í jókòó máa ròyìn bí mo ṣe dé ibí. Gbogbo ẹni tó kúrò nílé ló ní irú ìtàn yẹn, wọ́n sì jọra wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé akọ̀wé ni mo jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbarà, pé ilé wa wà ní Kémta, pé mo fi ìyá mi sílẹ̀ níbẹ̀, mo wá ń tọ́jú ìyá oníìyá nílé ìtọ́jú arúgbó kan nílùú tí oòrùn rẹ̀ kì í mú èèyàn lára. Ẹ sì tún mọ̀ pé inú ń bí mi. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nílé ti pẹ́ díẹ̀, inú ṣì ń bí mi. Bí ẹ bá rí i tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní "ó" nínú ọ̀rọ̀ yìí dípò "wọ́n", kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi nílé. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni mo ti dójú ti ara mi. Mo wọ yàrá Màmá Dọ́rótì, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó wa, mo rí irun funfun, mo rí ojú àgbà, orúnkún mi sì kanlẹ̀ kí n tó rò ó. "Ẹ káàárọ̀ o, mà." Àfi igbe! Màmá Dọ́rótì rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n tẹ bẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ wọn, nọ́ọ̀sì sáré dé, máníjà sáré dé, wọ́n bá mi lórí ìkúnlẹ̀. "Kí ló ṣe ọ́? Ṣé ẹ̀yìn ni? Ṣé orúnkún ni?" Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé ìkíni lásán ni? Láti ọjọ́ náà ni máníjà ti kìlọ̀ fún mi pé kò sí ìkúnlẹ̀ mọ́, pé ẹ̀yìn àti orúnkún ni irinṣẹ́ wa, kí n má lò wọ́n ní ìlòkulò.

Wọ́n tún ní kí n máa pe Màmá Dọ́rótì ní Dọ́rótì lásán. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó ju ìyá mi lọ! Mo ń fi Màmá ṣíwájú orúkọ náà títí, ni Màmá Dọ́rótì fúnra wọn bá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé èmi ni mo bí ọ ni?"

Mo ní, "Ẹ ò bí mi, mà. Ṣùgbọ́n ẹ lè bí mi."

Wọ́n ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Èyí tí mo bí ti tó mi."

Rúùtù ni wọ́n ń sọ, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tó máa ń wá kí wọn déédéé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Màmá Dọ́rótì ò gbà kí n fọwọ́ kan àwọn. Bí mo bá gbé ṣíbí dé ẹnu wọn, wọ́n á pa ẹnu dé. Mi ò bínú. Mo ń wọlé, mo ń kan ilẹ̀kùn, mo ń sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, bí wọ́n bá kọ̀, mo máa jáde, mo máa tún padà wá. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹlòmíràn ló fẹ́ wẹ̀ wọ́n, wọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí. Wọ́n ní, "Ìwọ ni kó o wẹ̀ mí." Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹni tó gba oyè ni mo ṣe rìn lọ bu omi.

Iṣẹ́ náà kì í kúkú ṣe iṣẹ́ agbára lásán. Ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́: "Màmá, mo fẹ́ gbé apá yín sókè o." Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín tọ́ omi wò kó tó kan arúgbó, nítorí awọ ara wọn ti fẹ́lẹ́ bí ìwé Bíbélì. Bí ẹ bá ń fọ ẹsẹ̀, ẹ bo àyà. Bí ẹ bá ń fọ àyà, ẹ bo ẹsẹ̀. Kò yẹ kí àgbà wà ní ìhòòhò goloto níwájú ẹni tó wọṣọ. Ẹ má fi oúnjẹ sẹ́nu ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ gbé e jókòó kó má baà há a lọ́fun. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé èèyàn kúrò lórí ibùsùn, ẹnì kan kì í dá a lò, bó ti wù kó yá yín lára tó. Kí ẹ tó jáde, kí bẹ́ẹ̀lì wà níbi tí ọwọ́ aláìsàn á tó o. Èyí tó wá ga jù lójú tèmi ni yíyí. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀, ẹ máa bá a yí i, kí ẹ máa wo gìgísẹ̀ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, torí egbò ìdùbúlẹ̀ kì í pariwo. Ìgbà tí ẹ bá fi máa rí i, ó ti jẹ wọnú.

Mo kọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí máníjà bá fẹ́ fi han àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn láì fà á lápá, èmi ló máa ń pè.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún Màmá lórí fóònù pé iṣẹ́ wíwẹ arúgbó ni mò ń ṣe, mo rò pé wọ́n máa sunkún ni. Tísà ni ìyá mi. Ìtòrí ni wọ́n ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ ni kí n jẹ́ ọ̀gá níbi kan, kí n jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ńṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Áà! Ọlọ́run ń kọ́ ọ sílẹ̀ dè mí ni!"

Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwa méjèèjì ni. Kí n tó kúrò nílé, a jókòó sórí pèpéle iwájú ilé wa, Màmá ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò gbójú sókè, wọ́n kàn sọ pé, "Bí mo bá kú, mi ò fẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kàn mí o. Ìwọ ni kó o wẹ̀ mí. Fúnmi á máa sunkún ni, kò ní í lè ṣe é."

Mo ní, "Màmá, ẹ yéé sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́ àbí o ò gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ẹni tó ṣì wà níwájú pátákó ìkọ̀wé. Gbogbo ohun tí mo bá Ọlọ́run sọ nílùú yìí, ẹyọ kan náà ni: kó jẹ́ kí n bá ìyá mi láàyè, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kó jẹ́ ọwọ́ mi yìí ló máa wẹ̀ wọ́n kẹ́yìn.

Nígbà tó yá, rọpárọsẹ̀ kọ lu Màmá. Apá kan ara wọn kú, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wúwo, ṣùgbọ́n ìbínú wọn ò sọnù. Mi ò lè lọ. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí, mo ti ní kí wọ́n fún mi láyè kí n di ẹni tó lè máa lọ kó máa bọ̀ bó ṣe wù ú. Bí mo bá kúrò níbí kí ìwé náà tó jáde, mi ò lè wọlé mọ́. Mo ní kí Màmá ṣe sùúrù, pé bí ìwé náà bá ti dé báyìí, èmi náà dé. Wọ́n ní, "Mò ń lọ síbo?"

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fi fóònù tọ́jú ìyá rẹ̀ nìyẹn. Fúnmi, àbúrò mi, ló ń gbé pẹ̀lú Màmá. Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n wa, ń gbé yàrá iwájú. Bí wọ́n bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, Fúnmi á gbé fóònù tì sára ìgò, á tan fídíò, mo máa wá máa darí rẹ̀ láti ibí.

"Ká ìró yẹn sí méjì, tẹ́ ẹ sábẹ́ wọn. Òun ni kó o fà, má fa apá wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi."

"Sọ fún wọn kó o tó yí wọn!"

Màmá á ti dá sí i pẹ̀lú ẹnu wọn tó wúwo yẹn: "Bá mi sọ fún ọmọ yìí pé èmi kì í ṣe àpò gààrí o."

Ọ̀rọ̀ ògì ni kò wá lẹ́gbẹ́. Bó bá ki, wọ́n á ní ó ki jù. Bó bá ṣàn, wọ́n á ní ṣé wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ ni. Láti kékeré mi, mi ò rí ọjọ́ kan tí ìyá mi mu ògì délẹ̀ ife. Díẹ̀ gbọ́dọ̀ kù nísàlẹ̀, wọ́n á sì ti ife náà kúrò níwájú bí ìwé ọmọ tó gba òdo. Fúnmi máa ń fajú ro. Èmi máa ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé aláìsàn tó bá ń jà ṣì wà níbẹ̀.

Àkókò yẹn ni Màmá Dọ́rótì kú. Ọ̀sán gangan ni, wọ́n kàn mí èémí kan, wọn ò mí òmíràn. Nọ́ọ̀sì àti dókítà wà nínú yàrá, èmi ní kí n lọ mú aṣọ mímọ́ wá, ni fóònù ọ́fíìsì bá dún bí mo ṣe ń kọjá. Mo gbé e. Rúùtù ni. Ọ̀nà ló wà, ó ń bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀.

"Báwo ni màmá mi lónìí?"

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹni tó ń wa mọ́tò! Níbi tí wọ́n ti bí mi, a kì í ju òkú ìyá lu ọmọ lórí fóònù. Mo ní, "Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le lónìí, mà. Ẹ ṣáà máa bọ̀. Ẹ rọra máa wakọ̀ o." Ọmọ Ẹ̀gbá èyíkéyìí tó bá gbọ́ irú ẹ̀ á ti mọ̀. Á ti máa múra ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, á ti máa sunkún díẹ̀díẹ̀, kó tó délé àwọn èèyàn á ti pé láti dì í mú.

Rúùtù ò mọ̀. Ó yà ra kéèkì tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn. Ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó bá ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ṣàwàdà, ó sọ fún mi pé òjò òní fẹ́ gbé òun lọ. Gbogbo wa ń wolẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì tó ráyè pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú kéèkì lọ́wọ́.

Nígbà tó jáde, kò pariwo. Ì bá sàn bó pariwo. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Gbogbo yín mọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín." Ó wá kọjú sí mi. "Mo bi ọ́. Ìyá mi ni mo bi ọ́, o purọ́ fún mi."

Mo fẹ́ ṣàlàyé, kò dúró gbọ́. Ó fẹjọ́ mi sùn. Máníjà ní iṣẹ́ mi kọ́ ni láti sọ, iṣẹ́ mi kọ́ sì ni láti purọ́, pé ńṣe ló yẹ kí n fún nọ́ọ̀sì ní fóònù. Wọ́n dá mi padà sí kíláàsì láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èmi tí wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ lánàá. Ó dùn mí wọra. Mo ṣàánú èèyàn, wọ́n ní mo pa irọ́!

Mo ròyìn rẹ̀ fún Bọ̀dá Délé lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Má dá wọn lóhùn jàre. Òyìnbó ò láàánú. O ṣe dáadáa, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú. Mo ní mo ṣì ní ẹni tí ọ̀rọ̀ mi yé nílé.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

"Àǹtí mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

"Màmá ń sùn, Àǹtí mi. Wọn ò sùn dáadáa lóru."

Fídíò fóònù Fúnmi bàjẹ́. Iná ò sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Bọ̀dá Délé ní, "Dókítà ní kí wọ́n máa sinmi. Má máa yọ wọ́n lẹ́nu." Ẹ̀rù wá bà mí, nítorí níbi iṣẹ́ wa, arúgbó tó bá ń sùn tọ̀sán-tòru, a kì í yọ̀ fún un. A máa wo ìtọ̀ rẹ̀, a máa wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná, a máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo tò sílẹ̀ fún Fúnmi.

"Ṣé ẹ ń fún wọn lómi?"

"À ń fún wọn, Àǹtí mi."

"Ṣé ẹ ń gbé wọn jókòó kí wọ́n tó mu ún?"

"À ń gbé wọn jókòó."

"Gìgísẹ̀ wọn ńkọ́? O wò ó?"

"Mo wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ọkàn mi ò balẹ̀, ni mo bá pe Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Ìbarà, ẹni tí a jọ ń jẹ nínú abọ́ kan. Mo ní kó bá mi yà sí Kémta. Ó pè mí padà lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Mo débẹ̀ o. Wọ́n ń sùn, mi ò fẹ́ jí wọn. Ilé yín mọ́ tónítóní." Mo gbàdúrà fún un títí ẹnu fi ro mí. Mo tún bá a ṣàwàdà pé oorun tí Màmá ò jẹ́ kí àwọn ọmọ Ìtòrí sùn ní kíláàsì ni àwọn fúnra wọn ń sùn báyìí. A jọ rẹ́rìn-ín. Kẹ́mi rẹ́rìn-ín!

Ọjọ́ Ìsinmi kan, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé, mo ti wọ bàtà iṣẹ́, mo pe Fúnmi.

"Ṣé Màmá ti jẹun?"

"Wọ́n ti mu ògì, Àǹtí mi. Wọ́n mu ún tán pátápátá. Wọ́n ní ó dùn. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín, pé ẹ ṣeun."

Mo fẹ́ sọ pé ká dúpẹ́. Ni ife ògì Màmá bá sọ sí mi lọ́kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ìgbà wo ni Màmá bú ẹnì kan kẹ́yìn? Ìgbà wo ni wọ́n kọ oúnjẹ? Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sùn yìí, omi dára, oúnjẹ dára, gìgísẹ̀ dára, kò sí ìjà, kò sí pé àwọn kì í ṣe àpò gààrí. Mo ti tọ́jú arúgbó tó. Aláìsàn tí kò ní ọjọ́ burúkú kan, kò sí irú ẹ̀ láyé.

"Fúnmi. Wọ́n mu ògì délẹ̀ ife?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi."

"Ìyá mi? Wọ́n mu ún délẹ̀ ife, wọ́n tún ní ó dùn?"

"Àǹtí mi..."

"Fúnmi, ìgbà wo ni Màmá kú?"

Igbe tó ké, gbogbo Kémta ló máa gbọ́ ọ. Fóònù ṣubú. Mo gbọ́ bàtà, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin, Bọ̀dá Délé gbé e. Ẹ gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu ẹ̀gbọ́n mi jáde. Kì í ṣe pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Mo ní, "Níbo ni wọ́n wà?"

Ó ní, "A ti sin wọ́n. Ó ti ṣe díẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣe dáadáa fún wọn."

Yéè! Mo rántí pé mo di irin àtẹ̀gùn mú. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ: "Kí lo fẹ́ ká ṣe? Kó o fi ìwé rẹ sílẹ̀, kó o sáré wálé, kó o má lè padà mọ́? Tìrẹ la rò. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣebí ìwọ náà ṣe é fún òyìnbó yẹn."

Mo ní, "Ìwé mi ni, ọ̀rọ̀ ara mi ni. Èmi ló yẹ kí n yàn bóyá kí n wá."

Ó ní, "Màmá fúnra wọn ló ní ká má sọ fún ọ."

Òkú ò kúkú lè jáde wá jẹ́rìí. Mo bi í ní ohun kan ṣoṣo tó kù. "Ta ló wẹ̀ wọ́n?"

Ó ní kí n fọkàn balẹ̀ ná. Mo tún bi í. Ó ní, "Àwọn ará mọ́ṣúárì ni."

"Àwọn àjèjì?"

"Fúnmi ò lè ṣe é. Ó ń sunkún."

Mo pa fóònù. Mo lọ síbi iṣẹ́. Kí n má lọ, kí n wá jókòó ti ta ni? Mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò, mo wẹ ìyá oníìyá látorí dé ẹsẹ̀, mo fi tówẹ́ẹ̀lì nù wọ́n láàárín ọmọ ìka. Nígbà tí wọ́n bi mí pé kí ni mò ń sunkún sí, mo ní ọṣẹ ló kó sí mi lójú.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo gbà. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa ohun tí ẹni tí wọ́n purọ́ fún á ṣe pẹ̀lú àwọn ọjọ́ tó wà láàárín. Gbogbo ìgbà tí mò ń bi Fúnmi léèrè gìgísẹ̀ Màmá, Màmá ti wà nínú ilẹ̀. Òkú ni mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa yí. Òkú ni mo ní kí wọ́n gbé jókòó kó tó mu omi. Gbogbo àdúgbò mọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀, ẹni tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa mọ̀. Kẹ́mi mọ̀. Nígbà tí mo pè é, ó ní, "Bọ̀dá yín ló bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo lọ síbi ìsìnkú o, ọ̀rẹ́ mi. Mo ṣojú rẹ." Ta ló rán an? Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo máa ń rò pé ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ.

Ìwé náà dé nígbà tó yá. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dì mọ́ mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo ti lè lọ kí n máa bọ̀ báyìí, kò sì sí ẹni tí mo fẹ́ lọ bá. Wọ́n sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí ni kí ẹni tí ilé fúnra rẹ̀ tì síta wá ṣe?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Rúùtù wá. Ó wá fi àga kẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ ta ilé ìtọ́jú náà lọ́rẹ. Mo fẹ́ yà fún un ní kọ́rídọ̀, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo ní, "Ohun tí mo ṣe fún yín, àwọn ará ilé mi ti ṣe é fún mi. Ìyá mi kú, wọn ò sọ."

Ó dúró. Ó wò mí dáadáa. Ó ní, "Ṣé wọ́n jẹ́ kí o máa rẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Ọ̀pọ̀ ìgbà."

Ó fà mí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní yàrá oúnjẹ, ó bu tíì fún mi, ó jókòó tì mí títí tíì náà fi tutù. Nínú gbogbo ayé, ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi jókòó nítorí ìyá mi nìyẹn, ẹni tó fẹjọ́ mi sùn. Mo ṣì gbà pé àánú ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí mo gbé fóònù yẹn. Bọ̀dá Délé náà á ní àánú ni. Àánú tí wọn ò bi èèyàn kí wọ́n tó fi ṣe é, mi ò fẹ́ ẹ mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó tún máa gbé ìpè Fúnmi. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló pè mí lọ́sàn-án kan tí mò ń lọ aṣọ.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí nǹkan kan o. Bọ̀dá ni ara wọn ò yá díẹ̀. Ibà ni."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Fún wọn ní fóònù."

"Wọ́n ń sùn."

Mo ní, "Jí wọn."

"Àǹtí mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀..."

"Mo ní kó o jí wọn, Fúnmi!"

Mo gbọ́ sílípáàsì rẹ̀ tó ń wọ́ lọ sí yàrá iwájú. Mo gbọ́ tó kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún kàn án. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn fún àwọn tí kì í dáhùn, mi ò di èémí mú bẹ́ẹ̀ yẹn rí. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnì kan húkọ́, ohùn líle kan sì sọ pé, "Kí ló dé? Ẹ ò ní í jẹ́ kéèyàn sùn nínú ilé yìí ni?"

Mo pa fóònù láìsọ̀rọ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún kíkorò nítorí ẹni tó ń sùn lóòótọ́.

Ibà náà ti lọ, ara rẹ̀ ti le. Mi ò tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti sọ fún mi pé ẹnì kan ń sùn nílé wa, èmi a ní kí wọ́n jí i.